Bátìrì Kò Gbọdọ̀ Sùnlé: Ìṣáájì Alùpùpù Oníná ní Etíkun Ìlàjẹ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni iná sọ lára kànga epo kan tí wọ́n ń pè ní Ororo-1, lójú òkun, ní ọ̀kánkán Àwòyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Kì í ṣe iná ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ti oṣù kan. Ọdún gorí ọdún, ó ń jó, àwọn apẹja sì ń rí i lókèèrè bí wọ́n bá ń wakọ̀ lọ lóru. Ilé tí wọ́n ń padà sí ńkọ́? Òkùnkùn birimù. Ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Òkìtìpupa títí dé etíkun, ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láìrí iná ìjọba lò bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, níbi tí iléeṣẹ́ amúnáwá ńlá méjì wà, tí agbára wọn lápapọ̀ lé ní 700 mẹ́gáwọ́ọ̀tì, wà ní ìtòsí wọn níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bí nínú kò jayò pa.

Àwọn ará etíkun kò kúkú káwọ́ gbera. Jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní “I better pass my neighbour” ló ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù, pánẹ́ẹ̀lì sólà sì ti ń yọ lórí páànù ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́bàá èbúté, ẹni tó bá ti ní jẹnẹrétọ̀ lè sọ ṣọ́ọ̀bù pákó rẹ̀ di ibi ìṣáájì. Ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n kan á so mọ́ òmíràn, òmíràn á so mọ́ ẹ̀kẹta, fóònù àti tọ́ọ̀ṣì á tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n á sì fi téèpù lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà dìjà. Olówó á san owó, á bá ọjà rẹ̀ lọ, á padà wá mú nǹkan rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí èèyàn gbé ohun tó ń lo iná lọ síbi tí gbogbo ayé ti ń ṣáájì kì í ṣe àṣà tuntun níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni bátìrì tó wúwo tó nǹkan bí 20 kìlógíráàmù, tí iná inú rẹ̀ ju ti 100 fóònù lọ.

Bátìrì ọ̀hún sì ń bọ̀ lọ́nà. Iléeṣẹ́ Spiro, tí wọ́n ń pè ní M Auto tẹ́lẹ̀, ti gbé alùpùpù oníná dé àárín àwọn ọlọ́kadà Kútọnu àti Lomé láti nǹkan bí ọdún 2022, ó sì ti bá ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn wọ àdéhùn. MAX, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015, náà ti wà lórí iṣẹ́ yìí. Owó epo ló ń tì wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì dúró síbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ náà tún le kenkà: epo tó dé èbúté Ìgbókòdá ṣì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé ìlú Ayétòrò létí òkun, ẹni tó gbé e náà á sì jẹ èrè tirẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ni alùpùpù fẹ́ ṣe lórí omi. Ọ̀kadà ń ná Ìgbókòdá, Màhín àti Ùgbò, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ lórí afárá pákó tó jẹ́ títì fún wọn ní Ayétòrò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bátìrì kò bìkítà bóyá táyà ló ń yí tàbí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Bátìrì tó bá bá alùpùpù dé etíkun yìí kò ní pẹ́ wọ ọkọ̀ apẹja, kò sì ní pẹ́ tí obìnrin kan á fi so ó mọ́ fìríìsà ẹja rẹ̀. Ìdí nìyí tí ibi tí bátìrì náà yóò máa gbé, tí yóò ti máa gba iná, tí yóò sì máa sùn, fi yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí èèyàn máa rò kó tó ra alùpùpù kan ṣoṣo.

New York kò kọ́kọ́ rò ó. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ oníná gbé oúnjẹ káàkiri ìlú náà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àjèjì tó wá ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn, ń gbé bátìrì wọlé lálaalẹ́, wọ́n ń ṣáájì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ní ọdún 2023 nìkan, iléeṣẹ́ panápaná ìlú náà ka iná 268 tó ti ara bátìrì lithium sọ. Èèyàn 18 kú, 150 fara pa. Ní ọdún kan náà ni òfin jáde pé kẹ̀kẹ́ tàbí bátìrì tí kò bá yege ìdánwò ààbò kò gbọdọ̀ wọ ọjà mọ́. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣí ibi ìṣáájì ìta gbangba àkọ́kọ́ ní Cooper Square, gẹ́gẹ́ bí ara ìdánwò tí wọ́n mú 100 òṣìṣẹ́ wọ̀. Òkú ti sùn kí wọ́n tó ṣe é.

Kí ló dé tí iná bátìrì yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Nínú àpótí rẹ̀, bátìrì kéékèèké tó gùn tó ìka ọwọ́ ni wọ́n tò pọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí ọ̀kan bá gbóná kọjá ààlà, bóyá nítorí pé àpótí náà ti já lulẹ̀ rí, tàbí omi ti wọ̀ ọ́, tàbí wọ́n fi ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, ooru rẹ̀ á ran èkejì, èkejì á ran ìkẹta. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èéfín olóró á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, iná á sì bú jáde. Iyanrìn tàbí aṣọ tútù tí a fi ń bo iná kò ràn án, nítorí èròjà inú bátìrì mìíràn ń pèsè afẹ́fẹ́ tí iná fi ń jó fúnra rẹ̀. Lúlúù panápaná lè pa ahọ́n iná náà, ṣùgbọ́n ooru ṣì wà nínú, ó sì lè tún sọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tàbí lọ́jọ́ kejì. Omi púpọ̀, fún àkókò gígùn, ló ń tù ú.

Ọ̀rọ̀ ṣájà yẹn kì í ṣe eré. Ṣájà tí wọ́n ṣe fún bátìrì fólítì 48 ń ti iná tó 54.6 fólítì jáde. Bátìrì fólítì 36 kò gbọdọ̀ gbà ju 42 lọ. Ẹnu ṣájà méjèèjì lè bára mu rẹ́gí. Bátìrì tó dára ní pátákó kékeré kan nínú tó ń ṣọ́ ọ, tí yóò gé iná náà kó tó bàjẹ́. Ayédèrú kò ní in, tàbí kó ní èyí tí kò lè ṣọ́ nǹkan kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n mẹ́ta ti so kọ́ra, ta ni yóò máa yẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn ṣájà wò?

Ẹ jẹ́ ká wá gbé bátìrì náà wọ ilé kan ní etíkun Ìlàjẹ. Pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀, òpó igi ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró lórí omi. Ilé kejì kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè nawọ́ gba iyọ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wà ní kọ̀rọ̀, agbada ẹja yíyan ń rú èéfín lẹ́yìn ilé, afárá pákó kan ṣoṣo sì ni gbogbo àdúgbò ń gbà jáde. Bí iná bá sọ lórí afárá yẹn tàbí lẹ́bàá rẹ̀, inú omi ni àwọn ọmọdé àti arúgbó máa bẹ́ sí. Ọkọ̀ panápaná wo ló fẹ́ dé ibẹ̀? Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ ní irú àdúgbò yìí gbọdọ̀ le ju ti New York lọ: bátìrì alùpùpù kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ìmọ̀ràn. Kí ètò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti gbé e wọlé.

Àwọn àgbà ní iná kì í wọ odò kó rójú ṣayé. Iná bátìrì ò gbọ́ òwe yẹn. Nígbà tí ìjì Ian kọlu ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, omi òkun bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná. Omi fà tán, ọjọ́ gorí ọjọ́, àwọn ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná níbi tí wọ́n gbé wọn sí, àwọn kan lórí ọkọ̀ tó ń wọ́ wọn lọ pàápàá. Iyọ̀ ló fà á. Omi iyọ̀ ń gbé iná kiri, bó bá sì gbẹ, èérún iyọ̀ tó ṣẹ́kù á so ibi méjì tí kò yẹ kí iná ti kọjá pọ̀, ooru á máa gùn díẹ̀díẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ fún àwọn panápaná pé ọkọ̀ tí omi òkun bá ti bò kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 50.

Ìlú wo ló tún yẹ kó mú ìkìlọ̀ yẹn ní ọ̀kúnkúndùn ju Ayétòrò lọ? Òkun ti gbé ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti òpópónà lọ níbẹ̀. Àjọ NDDC, tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde ní ọdún 2004, wọ́n tún gbé e jáde fún ẹlòmíràn lẹ́yìn náà, omi kò sì yéé ya wọ̀lú. Àní láìsí àkúnya, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ní iyọ̀ nínú. Ẹ wo pílọ́ọ̀gì kan tó ti lo ìgbà òjò kan ní etíkun: idẹ ẹnu rẹ̀ á ti hu lúlúù aláwọ̀ ewé, wáyà inú rẹ̀ á ti dúdú. Bí wọ́n bá fi ṣáájì, tí èèyàn fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ti gbóná. Bátìrì lè péye, ṣájà lè jẹ́ ojúlówó, kí iná sì ti ẹnu pílọ́ọ̀gì yẹn bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti ṣe irú ètò tó yẹ etíkun yìí níbòmíràn, láàárín àwọn apẹja bíi tiwọn. Ní ìlú Mbita, létí adágún Victoria ní Kenya, àwọn tó ń pa ẹja omena lóru máa ń fi fìtílà kẹrosíìnì tan ẹja. Ní ọdún 2008 ni iléeṣẹ́ OSRAM ṣí ibùdó sólà kan síbẹ̀. Apẹja á fi owó ìdúró sílẹ̀, á gba fìtílà àti bátìrì tó ti kún, á lọ sójú omi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á dá a padà, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ti kún á sì wà ńlẹ̀ fún un lálẹ́. Bátìrì kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà kò ní ìdí láti gbé e sùn. Iléeṣẹ́ WeTu, tí Siemens Stiftung dá sílẹ̀, ló ń bá irú iṣẹ́ yẹn lọ létí adágún náà, ó sì ti fi kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi oníná kún un. Ọ̀nà kan náà ni Spiro ń gbà ní Kútọnu: ọlọ́kadà ní alùpùpù, iléeṣẹ́ ní bátìrì, pààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ tuntun yìí gbé wá, ètò ìpààrọ̀ yìí ló wúlò jù fún Ìlàjẹ, ju alùpùpù fúnra rẹ̀ lọ.

Ibùdó náà ńkọ́? Èbúté Ìgbókòdá ló yẹ kí àkọ́kọ́ wà, nítorí ibẹ̀ ni títì àti omi ti pàdé. Ní àwọn ìlú orí omi, kó dá dúró lórí òpó kọnkéré tirẹ̀, kó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 50 ó kéré tán, kí afárá tó lọ síbẹ̀ má sì jẹ́ afárá tí ará àdúgbò ń gbà jáde. Kí ilẹ̀ rẹ̀ ga ju ibi tí àkúnya tó burú jù tí wọ́n mọ̀ ti dé rí lọ. Àwọn àgbàlagbà á fi àmì rẹ̀ han ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n, lórí òpó tàbí lára ògiri. Kò gbọdọ̀ sí pákó nínú rẹ̀. Irin lásán náà kò dára, ọdún mélòó kan péré ni iyọ̀ máa fi jẹ ẹ́. Kí bátìrì kọ̀ọ̀kan wà nínú iyàrá tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, ká lè pàdánù ọ̀kan láìpàdánù ogún, kí ihò èéfín rẹ̀ sì kọjú sójú omi, kì í ṣe sí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀sán ni kó máa ṣáájì, nígbà tí oòrùn wà tí èèyàn sì wà lójúfò. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbọdọ̀ mọ̀ pé bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ alùpùpù jáde tó gbóná kò tíì ṣe é fi síná, pé èyí tí ara rẹ̀ wú, tàbí tó ń rùn, tàbí tó ti jábọ́ sómi, ìta ni yóò gbé e sí. Agbada kọnkéré kan tí omi òjò kún inú rẹ̀ yẹ kó wà níwájú ibùdó, tí èèyàn lè fi ọ̀pá gígùn ti bátìrì tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín sí. Omi òjò, kì í ṣe omi ọ̀sà. Súìṣì tó ń gé gbogbo iná pa, ìta ni kó wà, níbi tí ọwọ́ máa tó o láìwọlé.

Ìṣirò rẹ̀ kò dẹ́rù bani. Bí bátìrì 20 bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba kilowatt wákàtí méjì lóòjọ́, 40 nìyẹn. Oòrùn etíkun kì í mú bíi ti òkè ọya, ní oṣù Keje àti Kẹjọ sì rèé, ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run. Bí a bá fi wákàtí mẹ́rin oòrùn gidi ṣe ìwọ̀n, tí a sì yọ ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, kilowatt 13 sí 14 ni, ìyẹn nǹkan bí 30 pánẹ́ẹ̀lì ńlá. Òrùlé gbọ̀ngàn ìjọ kan gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìrìnnà omi tún wà ńlẹ̀. Bátìrì tí wọ́n bá gbé láti Ìgbókòdá lọ sí ìlú kejì kò gbọdọ̀ bá èrò àti kẹ́ẹ̀gì epo jókòó nínú ọkọ̀ kan náà. Láti ọdún 2016 ni àjọ ìrìnnà òfurufú àgbáyé ti pàṣẹ pé bátìrì lithium tó bá ń dá lọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù kò gbọdọ̀ kún ju ìdá 30 nínú 100 lọ, nítorí èyí tí kò kún kì í jó burúkú bí èyí tó kún. Kò sóhun tó ní kí ọkọ̀ ojú omi Ìlàjẹ má tẹ̀ lé e: kí èyí tí kò kún lọ, kó lọ kún níbi tó ń lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ewu bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí a kò fi bẹntiróòlù wa sílẹ̀ bó ṣe wà? Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibi ìkó-epo-sí kan jóná ní Sèmè-Kraké, lẹ́nu ibodè Benin àti Nàìjíríà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 30. Kpayo, epo tí wọ́n ń kó láti Nàìjíríà láìgba ẹnu ibodè, ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ewu wà nínú méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo wa ti bá epo dàgbà, a mọ òórùn rẹ̀, a mọ ẹni tí kò yẹ kó mu sìgá nítòsí rẹ̀. Bátìrì ò rùn títí dìgbà tó bá ti pẹ́ jù.

Ta ni yóò máa bójú tó o? Ìlàjẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní bí ìlú ṣe ń pawọ́ pọ̀ ní iná. Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní oṣù Kìíní ọdún 1947, ti ní iná mànàmáná tirẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ìlú ló ni ẹ̀rọ, ìlú ló ni ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, ìlú ló sì yan ẹni tó ń tọ́jú wọn. Lónìí, Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti máa ṣètò iná tirẹ̀, Oǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba agbára náà ní ọdún 2024. Gómìnà tó wà lórí àlééfà, Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Ìlàjẹ ni. Owó DARES tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, 750 mílíọ̀nù dọ́là, wà fún sólà ní irú àwọn ìlú tí wáyà ìjọba kò dé. Ohun tó yẹ kí ìpínlẹ̀ fi kún ìwé àṣẹ kò ju ìlà mélòó kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ ṣí ibùdó bátìrì létí omi gbọdọ̀ fi ìwé ìdánwò bátìrì rẹ̀ hàn, kó fi ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ hàn, kó sì sọ ibi tí yóò kó èyí tó bá ti darúgbó lọ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń bọ́ sórí omi bí kò bá sí ẹni tó bi í.

Àwọn tó ń tún bátìrì ṣe ló kù. Kò sí ìlú tí irú wọn kò sí: wọ́n á tú bátìrì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, wọ́n á yọ èyí tó ṣì láyé nínú rẹ̀, wọ́n á jó wọn pọ̀, wọ́n á fi téèpù wé e. Ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe, ọjà wọn kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí èyí tí wọ́n tò síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí ibùdó bá kàn lé wọn, wọn á máa ta á lábẹ́lẹ̀ fún ẹni tí kò rówó ìdúró san, onítọ̀hún á sì gbé e sùn sábẹ́ ibùsùn. Ó sàn kí ibùdó gbà wọ́n síṣẹ́, kó fún wọn ní ohun èlò ìdánwò, kí ọwọ́ wọn máa wà lórí bátìrì tí wọ́n mọ orísun rẹ̀. Owó oṣù ẹni méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, inú owó ìpààrọ̀ sì ni kó ti jáde.